Aláìjẹran ni vegetarian, kì í ṣe ajẹ̀fọ́

Ẹ gbọ́ ná, ta ni kì í jẹ ẹ̀fọ́ nínú wa? Bàbá tó jókòó ti iyán àti ẹ̀fọ́ rírò, tí ṣàkì, pọ̀nmọ́, bọ̀kọ́tọ̀ àti ẹja gbígbẹ kún inú abọ́ ẹ̀ dẹ́nu, ṣé òun náà kì í ṣe ajẹ̀fọ́ ni? Ajẹ̀fọ́ paraku ni. Síbẹ̀, tí àwọn èèyàn wa bá fẹ́ túmọ̀ vegetarian, ìyẹn ẹni tí kì í jẹ ẹran àti ẹja, "ajẹ̀fọ́" yìí náà ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò, wọ́n á sọ ọ́ lórí rédíò, ó ti wá sú mi jàre. Aláìjẹran ni èmi ń lò, màá sì sọ ìdí ẹ̀, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, orúkọ yẹn ń kó bá ara èèyàn.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹnì kan á ní òun ò jẹran mọ́, bóyá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, bóyá torí ìjọ ẹ̀ bíi ti àwọn Adventist kan, bóyá owó ẹran ló lé e kúrò nídìí ẹ̀ (ìyẹn náà ò burú, ẹ sáà béèrè iye tí wọ́n ń ta kílò kan lọ́jà), wọ́n á ti sọ fún un pé ó ti di ajẹ̀fọ́, ló bá gbájú mọ́ ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀ láàárọ̀, ṣọkọ lọ́sàn-án, àmàlà àti ewédú lálẹ́, á tún máa lọ ewé mu lórí ẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ṣòkòtò á bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀ nídìí ẹ̀, á máa rẹ̀ ẹ́, àwọn ará ilé á ní "ṣebí a sọ fún ẹ, èèyàn ò lè wà kó má jẹran." Irọ́ ni. Ẹ̀fọ́ tó fi dípò ẹran ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà nílò purotéènì, èròjà inú oúnjẹ tó ń mọ ara, bíi gíráàmù 0.8 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n, ẹni tó bá wọn kílò 60 á nílò bíi gíráàmù 48. Purotéènì inú gíráàmù 100 tẹ̀tẹ̀ tútù ò ju gíráàmù 2 sí 3 lọ, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ó máa jẹ tó kílò 2 ẹ̀fọ́ tútù lójoojúmọ́, ewúrẹ́ gan-an á ní kó rọra. Àmàlà àti gàrí ò sì lè gbà á sílẹ̀, gàrí ò fi bẹ́ẹ̀ ní purotéènì rárá. Àmọ́ ẹ wọn ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100, bíi 23 sí 24 ló wà nínú ẹ̀, ti sóyà tó bíi 36. Ẹ̀wà ni oúnjẹ aláìjẹran. Ẹ̀fọ́ dáa, mi ò bú u, fítámì wà níbẹ̀, kò jẹ́ kí inú dí, àmọ́ òun kọ́ ló ń gba ipò ẹran.

Ṣé ẹ wá rí i pé orúkọ ló kọ́kọ́ ṣi ọ̀nà?

Àwọn kan ti ní "ajewé", ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹran ọ̀sìn lẹ ń júwe yẹn o. Àwọn tó lajú jù wá ní ká ṣáà pè é ní "fẹjitéríà", kí la rí gbọ́ nínú ìyẹn, ìyá àgbà tó bá gbọ́ ọ á rò pé àìsàn tuntun ló dé. Ẹnì kan tún bá mi jà pé "aláìjẹ-ẹlẹ́mìí" ló péye jù, torí ẹja náà lẹ́mìí, edé náà lẹ́mìí, òótọ́ ló sọ, àmọ́ nílẹ̀ yìí tí wọ́n ti ń ta mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, tí ẹyin sísè, ẹja àti kọ́nbííf ń jẹ́ ẹ̀mí nínú ewé, ẹ fẹ́ kí ẹni tó gbọ́ "aláìjẹ-ẹlẹ́mìí" rò pé mọ́ínmọ́ín lásán ni bàbá yẹn ń rà ni?

Ohun tí wọ́n máa ń fi gbá mi mú jù ni pé "aláì" kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì, pé bíi aláìnítìjú, aláìmọ̀kan, pé mò ń fi ohun tí èèyàn ò ní sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ dákun, kí ni aláìlẹ́ṣẹ̀? Kí ni aláìlábàwọ́n? Èébú ni ìyẹn náà? Ohun tó tẹ̀lé "aláì" ló ń sọ ọ́ di èébú tàbí oríkì. Aláìjẹran kàn sọ ohun tí ẹni náà fi sílẹ̀, ó wá fi gbogbo ìyókù ọjà sílẹ̀ fún un: ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, òwówó, ọkà bàbà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, olú. Ẹ pe "ajẹ̀fọ́", ẹ ti ti gbogbo wọn síta. Ní ti ẹni tó ń jẹ ẹyin àti wàrà àti ẹni tí kì í jẹ ìkankan níbẹ̀, àwọn Òyìnbó ní orúkọ fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, èmi ò ní fi ìyẹn dà yín láàmú, ó tó ká sọ pé "aláìjẹran ni, àmọ́ ó ń jẹyin", ó tán.

Àwọn Òyìnbó fúnra wọn ò tètè rí orúkọ sọ ọ́. Ọdún 1847 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn aláìjẹran wọn sílẹ̀ ní Ramsgate ní England, ìgbà yẹn ni orúkọ vegetarian tó wá gbilẹ̀ káàkiri, kó tó dìgbà náà, "oúnjẹ Pythagoras" (ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n ní kì í jẹran) ni wọ́n ń pe irú jíjẹ bẹ́ẹ̀. Àwa wá ń gé ọ̀rọ̀ wọn sí wẹ́wẹ́ bíi pé ọlọ́run ló fi rán wọn.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ purotéènì yẹn gan-an. (Ẹ má sọ "amúaradàgbà" fún mi. Ẹ sọ fún ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta pé kó máa jẹ amúaradàgbà, á bi yín pé àgbà wo ló tún kù tí òun fẹ́ dà.) Ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù ni pé wọ́n gbọ́ pé purotéènì inú ẹ̀wà "ò pé" bíi ti ẹran. Ẹ fojú inú wo ìyá tó ń pín aṣọ ẹbí fún obìnrin 10. Bùbá, ìró, gèlè, ó ti búra pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni ní aṣọ tí ò pé. Oníṣòwò àkọ́kọ́ kó bùbá 10 àti ìró 10 wá, àmọ́ gèlè 5 péré ló rí. Obìnrin 5 ló máa rí aṣọ gbà, ìró àti bùbá tó kù á wà níbẹ̀ láìní olówó. Oníṣòwò kejì ní gèlè rẹpẹtẹ, ìró ni ò tó lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ẹrù wọn pàdé lọ́dọ̀ ìyá yìí, gbogbo obìnrin á wọ aṣọ jáde. Ara wa ni ìyá yìí, ẹ̀wà ni oníṣòwò àkọ́kọ́, àgbàdo, ìrẹsì àti àwọn ọkà ni ìkejì. Ìró ni lysine, gèlè ni methionine, méjì lára àwọn ègé tó para pọ̀ di purotéènì (amino acid), 9 nínú wọn ni ara ò lè dá ṣe àfi ká jẹ ẹ́. Èyí tí ò bá rí ẹnìkejì, ara ò ní tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ títí, á sun ún fi ṣe agbára ni.

Ẹ wá wo oúnjẹ tí wọ́n ti ń sè nílẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ lysine: àkàrà àti ògì, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, àdàlú tí ẹ̀wà àti àgbàdo jọ jinná nínú ìkòkò kan ṣoṣo, ẹ̀wà àti ìrẹsì, ẹ̀wà agànyìn àti búrẹ́dì. Kí èèyàn sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnìkejì ò bá wá, kó lọ ka ìtàn Cicely Williams, dókítà tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Ghana lónìí. Ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú tó jẹ́ pé àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ wọn, ara wọn wú, irun wọn pọ́n. Nígbà tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní 1935, orúkọ tí àwọn ará Gà ń pè é ló fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kwashiorkor, ìyẹn àìsàn ọmọ tí àbúrò ẹ̀ lé kúrò lẹ́nu ọmú. Kò jókòó máa gbẹ́ ọ̀rọ̀ kankan. Nítorí náà ẹ̀yin abiyamọ, ògì nìkan ò tó fún ọmọ, ẹ da sóyà tàbí ẹ̀pà lílọ̀ sí i.

Àwọn kan á tún máa pariwo pé inú abọ́ kan náà ni ẹ̀wà àti ọkà gbọ́dọ̀ ti pàdé. Frances Moore Lappé, òǹkọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, ló tan ìyẹn kálẹ̀ ní 1971, òun náà ló sì kó o kúrò ní 1981. Tí ẹ bá jẹ ògì láàárọ̀ tí ẹ jẹ ẹ̀wà lálẹ́, ìyá aláṣọ ẹbí ṣì wà nídìí ẹrù ẹ̀. Ẹni tó bá sì ń jẹ sóyà dáadáa, yálà wàrà ẹ̀ tí wọ́n dín tàbí èyí tí wọ́n ń mu, ò nílò kó máa ro gèlè púpọ̀, torí ti sóyà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán fúnra ẹ̀. Ẹ kàn ṣọ́ ọbẹ̀ ìta o, edé lílọ̀ ò ṣeé fojú rí, ọ̀pọ̀ ìyá olóúnjẹ ò sì ka edé sí ẹran.

Áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ máa ń ṣorí kunkun, kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran, ẹ fi ọsàn tàbí ata rodo tútù tì í lẹ́yìn, kí ẹ má sì mu tíì lé oúnjẹ lórí, tíì ń dènà ẹ̀. Fítámì B12 ni wàhálà tó kù, kò sí nínú ewé, kò sí nínú ẹ̀wà, bákítéríà ló ń ṣe é. Aláìjẹran tó ń jẹ ẹyin tó ń mu wàrà á rí díẹ̀. Ẹni tí ò jẹ ìkankan ńkọ́, wọ́n á ní bákítéríà ti ṣiṣẹ́ nínú irú tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, B12 á wà níbẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé irú rárá. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú B12 fún ọdún díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àìtó ẹ̀ ò fi ń tètè hàn, ìgbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri ni wọ́n máa ń fura. Ẹ lọ ra tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ní kẹ́místì, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.