Serotonin Kì Í Ṣe Ti Ọpọlọ Nìkan: Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe Lára Pancreas

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ pé serotonin, kẹ́míkà kan tí ara ń ṣe, ló ń mú kí ọkàn balẹ̀, kí inú sì dùn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 serotonin tó wà lára wa, inú ìfun ló wà, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í sì í wọ ọpọlọ. Ẹni tó bá ń jẹ dòdò nítorí serotonin inú rẹ̀, kí ìrẹ̀wẹ̀sì lè fi í sílẹ̀, adùn dòdò nìkan ló máa rí jẹ.

Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ni pancreas dùbúlẹ̀ sí, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Òun ló ń pèsè omi tó ń fọ́ ṣitáàṣì, ọ̀rá àti purotéènì inú oúnjẹ, ó sì lè tó lítà kan ààbọ̀ lójúmọ́. Òun náà ló ń pèsè insulin, èròjà tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí insulin ti ń jáde kò ju ìdá 1 sí 2 nínú 100 lára rẹ̀ lọ.

Ká sọ pé èèyàn jẹ ẹ̀bà àti ẹja tútù láti ọjà Olúwò ní Ẹ̀pẹ́. Bí oúnjẹ náà bá ti dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan lára ògiri ìfun á tú serotonin jáde. Èyí á ta iṣan vagus jí, ìyẹn iṣan ìmọ̀lára tó so inú pọ̀ mọ́ ọpọlọ. Ọpọlọ á ránṣẹ́ padà sí pancreas, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Àwọn iṣan mìíràn tún wà tó jẹ́ pé ara ògiri àpò oúnjẹ àti ìfun ni wọ́n ti hù, tí wọ́n nà tààrà dé inú pancreas láì gba ọ̀dọ̀ ọpọlọ kọjá. Serotonin ni àwọn náà fi ń jíṣẹ́. Lára ẹranko tí wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò, iṣẹ́ bíréèkì ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń dín agbára àṣẹ tó ní kí omi jáde kù. Kẹ́míkà kan náà ni o, iṣẹ́ tó tako ara wọn. Ibi tó ti jáde àti ẹnu ọ̀nà tó kàn lára sẹ́ẹ̀lì ló ń pinnu èyí tó máa ṣe, ìdí nìyẹn tí a kì í fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra kápúsù "afikún serotonin" nítorí àìdà oúnjẹ.

Níbi oyún ni ọ̀rọ̀ náà ti gba àròjinlẹ̀ jù. Bí oyún bá ti ń dàgbà, ara ìyá kì í gbọ́ ti insulin bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pancreas sì ní láti ṣe púpọ̀ sí i. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2010 fi hàn lára èkúté pé èròjà kan láti ibi-ọmọ ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì insulin fúnra wọn máa ṣe serotonin, serotonin yìí ló sì ń mú kí wọ́n pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n yọ tryptophan, èròjà purotéènì tí ara fi ń ṣe serotonin, kúrò nínú oúnjẹ àwọn èkúté náà, ara wọn kò kápá ṣúgà mọ́. Ẹ̀rí tara èèyàn kò tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ní tryptophan tó. Kí aláboyún má ra kápúsù rẹ̀.

Àyẹ̀wò ṣúgà láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 oyún ló ṣe pàtàkì jù. Má jẹun fún wákàtí 8 ó kéré tán ṣáájú rẹ̀. Omi lásán kò burú. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wàá mu gíráàmù 75 glucose, ìyẹn ṣúgà, tí wọ́n pò mọ́ omi, wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti lẹ́yìn méjì. Bí ọ̀kan péré bá dé 92, 180 tàbí 153 mg/dL bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, àtọ̀gbẹ inú oyún ni. Jókòó síbi kan títí wọ́n á fi parí. Bí o bá bì í, ẹ óò mú ọjọ́ mìíràn. Àwọn kan máa ń sá fún ẹ̀bà àti ìrẹsì fún ọjọ́ mẹ́ta kí èsì lè dára. Òdìkejì ló ń ṣe: ó lè mú kí ṣúgà ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bíi fluoxetine ń mú kí serotonin pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Alátọ̀gbẹ tó ń lo insulin tàbí glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ oníhóró, lè rí i pé ṣúgà òun já wálẹ̀ lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì lè gòkè nígbà tó bá dá a dúró. Kó máa wọn ṣúgà léraléra ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Bí ó bá kéré sí 70, gíráàmù 15 ṣúgà ni kó lò, kó tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Lílo tramadol, oògùn ìrora, láti kẹ́mìsì pọ̀ mọ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì yìí léwu gan-an: ibà, gbígbọ̀n, àyà lílù kíkankíkan àti ìdààmú lè tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú páálí oògùn méjèèjì dání.

Ẹni tí wọ́n bá ní kó kó ìtọ̀ wákàtí 24 jọ láti wá kókó tó ń tú serotonin jáde, kó yẹra fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti tòmátì fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àti ní ọjọ́ náà gan-an. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, serotonin inú wọn á mú kí èsì ga láìsí kókó kankan, wọ́n á sì ní kó wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.