Ríra tiransifọ́mà fún àdúgbò

Ríra tiransifọ́mà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná wáyà gíga di èyí tí ilé lè lò, jẹ́ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ onílé, ìjọba àti iléeṣẹ́ iná aládàáni jọ máa ń dáwọ́ lé ní ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà. Oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ fi pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́: Ikeja Electric àti Eko Electric l'Ékòó, IBEDC (iléeṣẹ́ iná Ìbàdàn) ní Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Kwara, BEDC (iléeṣẹ́ iná Benin) ní Òndó àti apá tó pọ̀ nínú Èkìtì. Lẹ́nu aráàlú, NEPA ṣì ni gbogbo wọn.

Iléeṣẹ́ iná ló yẹ kó pèsè tiransifọ́mà, òpó àti wáyà. Bí àdúgbò bá fẹ́ dá owó rà á fúnra wọn, ìlànà tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ iná, gbé jáde ní 2015 ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá iléeṣẹ́ náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, tí iye owó àti ọ̀nà tí yóò gbà padà wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣì í. Wọ́n á rà á tán kí wọ́n tó béèrè ìwé, owó á sì wọlẹ̀, nítorí bí ẹ̀rọ bá ti gba iná sára, ọwọ́ iléeṣẹ́ iná ló bọ́ sí. Lẹ́yìn òfin iná ti 2023, àwọn ìpínlẹ̀ bí Èkìtì, Òndó àti Èkó ti gba àbójútó ọ̀rọ̀ iná ìpínlẹ̀ wọn lọ́wọ́ NERC, nítorí náà àjọ ìpínlẹ̀ ni à ń kọ̀wé ẹ̀sùn sí níbẹ̀.

Wáyà gíga tó kọjá ládùúgbò ni à ń wò kí a tó yan ẹ̀rọ. Èyí tí a ṣe fún wáyà 11kV (fóólìtì 11,000) kò ṣeé so mọ́ ti 33kV. kVA ni ìwọ̀n ẹrù iná tí ẹ̀rọ lè gbé: ẹ̀rọ 300kVA ń gbé nǹkan bí áḿpù 417 lórí fésì kọ̀ọ̀kan (ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná wá), 500kVA ń gbé nǹkan bí 695. Ẹ̀rọ nìkan kò sì tó. Ó ń fẹ́ pèpéle kọnkéré, fíúsì orí òpó, ohun tó ń gba àrá, fíídà pílà (àpótí tí iná ti ń pín lọ sí òpópónà), káàbù tó nípọn, àti ẹ́ẹ̀tì (wáyà ààbò tó ń darí iná sínú ilẹ̀) tó wọlẹ̀ dáadáa. Èyí tí aṣòfin fi tọrẹ máa ń wá láìsí ìyókù, á wá jókòó sẹ́bàá títì fún oṣù púpọ̀. NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò iṣẹ́ iná, gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò kí wọ́n tó tan iná sí i.

Ọ̀kan lára ohun tó ń ba ẹ̀rọ jẹ́ ni yíyí fésì. Bí iná bá rẹ̀ lórí fésì kan, gbogbo ilé á sáré lọ sórí èkejì, ẹrù á pọ̀ sí apá kan, fíúsì á jó. Bí ẹnìkan bá wá fi wáyà lásán dípò fíúsì, kò sí ohun tí yóò gé iná mọ́ nígbà tí ẹrù bá pọ̀ jù, wáyà inú ẹ̀rọ ni yóò jó.