Ẹ Má Gbin Ẹ̀gẹ́ Sórí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ìjọba

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ kí wọ́n máa po ethanol, ọtí líle tí wọ́n ń fi irè oko ṣe, mọ́ bẹntiróòlù, kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ó ti ń wá ọgọ́rùn-ún éékà ilẹ̀ yá. Ẹ̀gẹ́ ló fẹ́ gbìn, ó ní ìjọba ló máa rà á. Ẹ bi í pé òfin wo ló ní kí ẹnikẹ́ni rà á, èló ni ìtanràn ẹni tí kò bá rà á, ta ni yóò gba ìtanràn náà: kò mọ ọ̀kankan. Owó ìfẹ̀yìntì ọgbọ̀n ọdún ló sì fẹ́ rì mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìṣirò ọjà irè oko nínú, torí kò sí ohun tó fara sin níbẹ̀. Àwọn tó ṣáájú wa sínú ọ̀ràn náà ti fi owó tiwọn kọ́ gbogbo ayé.

Bí àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ ṣe ń di ethanol, mi ò ní dúró ṣàlàyé ìyẹn. Ẹni tó mọ bí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣe ń kan, tó sì ti rí ibi tí wọ́n ti ń se ògógóró, ti mọ ethanol. Bí ọwọ́ ìjọba ṣe ń wọ inú ọjà ni mo fẹ́ kó yé yín.

Owó ìrànwọ́ ọ̀tọ̀, àṣẹ ọ̀tọ̀. Owó ìrànwọ́ ni kí ìjọba fún ẹni tó ń po ethanol mọ́ epo ní nǹkan lórí gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ ni kí òfin sọ pé, ó wọ́n o, kò wọ́n o, iye báyìí lẹ gbọ́dọ̀ pò lọ́dún yìí. Ní Amẹ́ríkà, méjèèjì ló wà pa pọ̀ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2011. Sẹ́ǹtì 45 ni ìjọba ń dín kù nínú owó orí ẹni tó po gálọ́ọ̀nù ethanol kan, wọ́n sì ń gba sẹ́ǹtì 54 owó ibodè lórí gálọ́ọ̀nù tó bá ti òkè òkun wọlé, kí ti Brasil má baà gbọjà mọ́ àgbẹ̀ wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, méjèèjì dópin. Ẹni tó rò pé owó ìrànwọ́ ló gbé ethanol dúró á ti máa retí kó wó. Kò wó. Òfin tí Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2007 ló dì í mú: epo ọ̀gbìn (ethanol àti epo mọ́tò mìíràn tí wọ́n fi irè oko ṣe) tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ lò á máa gòkè lọ́dọọdún títí yóò fi pé gálọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 36 ní 2022, ṣùgbọ́n ti àgbàdo kò ní ju bílíọ̀nù 15 lọ nínú rẹ̀.

Bí àṣẹ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì àti àwọn tó ń kó bẹntiróòlù wọlé ni òfin dì mú, kò di àgbẹ̀ mú, kò sì di onímọ́tò mú. Gálọ́ọ̀nù ethanol kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RIN. Lọ́dọọdún, iléeṣẹ́ epo gbọ́dọ̀ kó RIN tó pé ìpín tirẹ̀ kalẹ̀ fún EPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká. Bí tirẹ̀ kò bá pé, kó lọ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ní àníjù. Bí kò bá rà á, ìtanràn dé. Ẹ ò rí i pé kò sí ibi tí wọ́n ti bẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀?

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn ń ṣe sí ọjà. Bí àgbàdo bá wọ́n ní Bódìjà, ẹlẹ́kọ á dín èyí tó ń rà kù, ọlọ́sìn adìẹ á fi nǹkan mìíràn lú u, oníbàárà tó ti ọ̀nà jíjìn wá á yí padà. Báyìí ni ọjà ṣe ń tu ara rẹ̀ lójú. Ẹni tí òfin dì mú kò lè yí padà. Nítorí náà, bí òjò bá kọ̀, gbogbo ìdínkù náà á já lé àwọn tó kù lórí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ ní 2012 nìyẹn. Ọ̀dá mú àgbàdo Amẹ́ríkà, ìkórè já láti búṣẹ́ẹ̀lì bílíọ̀nù 12.4 sí 10.8, owó búṣẹ́ẹ̀lì kan ju dọ́là 8 lọ ní oṣù Kẹjọ. (Kilo 25.4 ni búṣẹ́ẹ̀lì àgbàdo kan.) Àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ kan àti àwọn ọlọ́sìn bẹ EPA pé kó dá àṣẹ náà dúró fúngbà díẹ̀, ní oṣù Kọkànlá, EPA ní òun kò dá a dúró. Àgbàdo tó lọ sínú ethanol dín kù díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kó lọ tà lókè òkun dín ju ìdajì lọ, ó kéré débi pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún. Ẹ mọ ẹni tí àṣẹ náà dáàbò bò, ẹ sì mọ ẹni tó gbé ẹrù rẹ̀.

Èyí tí mi ò lè gbójú fò ni ìṣirò, torí níbẹ̀ ni àwọn tó ń pe ara wọn ní amòye lórí WhatsApp ti ń ṣi gbogbo ènìyàn lọ́nà. Búṣẹ́ẹ̀lì kan ń mú nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 2.8 ethanol wá. Ẹ fi 2.8 pín gálọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 15: ó lé ní búṣẹ́ẹ̀lì bílíọ̀nù 5, ìyẹn ju tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 130 lọ, ó sì ju ìlọ́po mẹ́wàá gbogbo àgbàdo tí Nàìjíríà ń kórè lọ́dún. Ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìkórè Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n sítáàṣì nìkan ni ethanol ń jẹ. Nínú kilo 25.4 yẹn, nǹkan bíi kilo 7 ààbọ̀ ń padà jáde ní èèrí, bí èèrí ògì, àmọ́ purotéènì rẹ̀ ń lọ sí ìdá 27 tàbí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Màlúù ń jẹ ẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ ẹ́, wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sókè òkun. Ẹni tó bá ní Amẹ́ríkà ń jó ìdá 40 àgbàdo rẹ̀ nínú mọ́tò kò mọ̀ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ padà sínú àwo ẹran.

Ẹni tó bá sì ní ethanol kò kan owó oúnjẹ, kò ka ìwé. Ní 2006, éékà mílíọ̀nù 78 ni wọ́n gbin àgbàdo sí ní Amẹ́ríkà. Ní 2007, ó di mílíọ̀nù 93. Ilẹ̀ náà kò já bọ́ láti ọ̀run. Ti sóyà já láti mílíọ̀nù 75 sí bíi 65, sóyà náà sì wọ́n. Búṣẹ́ẹ̀lì àgbàdo tó wà ní bíi dọ́là 2 ní 2005 dé bíi dọ́là 7 ní oṣù Kẹfà 2008. Kì í ṣe ethanol nìkan: àgbá epo rọ̀bì kan dé dọ́là 147, ọ̀dá mú Ọsirélíà, Íńdíà àti Fìẹ́tínámù ti ibodè mọ́ ìrẹsì. Síbẹ̀, ní 2011, FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé), OECD (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè olówó), Báńkì Àgbáyé, Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn jọ kọ̀wé sí àwọn orílẹ̀-èdè G20, àwọn tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi jù láyé, pé kí wọ́n mú àwọn ètò tó ń fi owó ìrànwọ́ tàbí àṣẹ gbé epo ọ̀gbìn lárugẹ kúrò. Àwọn orílẹ̀-èdè náà kò ṣe é, torí ìbò àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀.

Báwo ni ọ̀wọ́n yìí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa? Kì í gba inú àgbàdo wá bí ẹ ti rò. Láti oṣù Keje 2020 títí di oṣù Kẹwàá 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kọ̀ láti fún àwọn tó ń kó àgbàdo wọlé ní owó ilẹ̀ òkèèrè. Òjò òkè ọya, ààbò ojú ọ̀nà àti owó ọkọ̀ ló ń pinnu iye tí ọlọ́sìn adìẹ ń rà á. Ọlọ́sìn tó ń wo owó àgbàdo ní ọjà irè oko Chicago ní Amẹ́ríkà láràárọ̀ ń dá ara rẹ̀ lágara. Ṣúgà àti epo pupa ló yẹ kí ẹ máa wò.

Ẹ mú ṣúgà. Brasil bẹ̀rẹ̀ Proálcool, ètò fífi ìrèké ṣe ethanol fún mọ́tò, ní oṣù Kọkànlá 1975, nígbà tí epo rọ̀bì gbówó lé e lórí. Láti oṣù Kẹjọ 2025, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni ethanol. Iléeṣẹ́ kan náà ló ń fi ìrèké ṣe ṣúgà tó ń fi í ṣe ethanol, ibi tí owó bá wà ló ń yà sí. Awakọ̀ wọn pàápàá, tí mọ́tò rẹ̀ lè mu ethanol nìkan tàbí bẹntiróòlù, mọ ìṣirò rẹ̀: bí owó ethanol bá ti kọjá ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó bẹntiróòlù, bẹntiróòlù ni yóò rà. Nígbà tí ìjọba wọn di owó bẹntiróòlù mọ́lẹ̀ láàárín 2011 sí 2014, ethanol kò lérè mọ́, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìrèké sì tilẹ̀kùn. Bí epo bá wọ́n, ìrèké á ya sí ethanol, ṣúgà á wọ́n. Ṣúgà tí àwọn iléeṣẹ́ Àpápá ń fọ̀, Brasil ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìbàdàn ń san nínú owó yẹn, kódà bí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ Proálcool.

Ti epo pupa náà, Indonéṣíà ni. Òun àti Malaysia ló ń ṣe ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo pupa ayé. Indonéṣíà ń gba owó lórí èyí tó ń jáde, ó sì ń fi owó náà dí àlàfo láàárín owó dísẹ́ẹ̀lì àti ti epo ọ̀gbìn. Ìdá 30 ni wọ́n ń pò ní 2020, ó di 40 ní 2025. Ohun tí mọ́tò wọn bá mu, kò ní gun ọkọ̀ ojú omi. Ní 2022, nígbà tí òróró ìdáná wọ́n ará ìlú wọn lójú, wọ́n ti ibodè pa láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin títí di ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún, gbogbo ayé sì mì.

Ó ku ti ẹ̀gẹ́. Nàìjíríà gbé ètò epo ọ̀gbìn jáde ní 2007, kí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún bẹntiróòlù jẹ́ ethanol. Ó ṣèlérí ìdásílẹ̀ nínú owó orí fún àwọn iléeṣẹ́. Ẹ ka ìpele àkọ́kọ́ nínú ìwé náà: kí wọ́n kó ethanol wọlé láti òkè òkun kí ti ilé tó jáde. Ẹ dé iléepo tó sún mọ́ yín, ẹ bi wọ́n pé níbo ni bẹntiróòlù oní-ethanol wà. Ìlérí wà nínú ìwé. Ẹni tí wọ́n máa fìyà jẹ bí kò bá rà ni kò sí. Ọdún 2007 kan náà ni Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀. Àwọn fi ìtanràn tì í lẹ́yìn, a fi ìrètí tì í.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé iléeṣẹ́ ethanol máa ra ẹ̀gẹ́ yín, ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan ń mú líta 150 sí 180 wá. Agbára líta ethanol kan jẹ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bẹntiróòlù. Tọ́ọ̀nù kan kò lè níye lórí ju líta 100 sí 120 bẹntiróòlù lọ. Ká ní líta jẹ́ 900 náírà lọ́dọ̀ yín: 90,000 sí 108,000 náírà ni òkè téńté. Ẹ yọ owó iná tí wọ́n fi ń sè é, enzyme tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, íìsì tó ń sọ ṣúgà di ọtí, òṣìṣẹ́, ẹ̀rọ àti ọkọ̀. Bí ìwọ̀nyí bá gba ìdá kan nínú mẹ́ta, 60,000 sí 72,000 ló kù fún ẹ̀gẹ́. Kí ẹ wá bi àwọn tó ń dín gàrí ládùúgbò yín pé èló ni wọ́n ń ra tọ́ọ̀nù. Bí tiwọn bá ga jù ú lọ, kò sí iléeṣẹ́ tó máa dúró ti àdéhùn yín láìjẹ́ pé ìjọba dí àlàfo náà. Àgbàdo tún ní èèrí tó ń tà; omi ìdọ̀tí ni ẹ̀gẹ́ ń fi sílẹ̀, ó lè ju líta mẹ́wàá lọ lórí líta ethanol kan, iléeṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ náwó kó tó dà á nù.

Àwọn tó ń ta irúgbìn làpálàpá, pé kí ẹ fi epo rẹ̀ ṣe dísẹ́ẹ̀lì, ẹ sá fún wọn. Wọ́n ní ó ń hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ń hù lóòótọ́, baba wa fi ń ṣe ọgbà. Híhù kọ́ ni síso. Íńdíà kọ pípo ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún epo ọ̀gbìn sínú ètò rẹ̀ ní 2009, pé 2017 ni yóò dé ibẹ̀. Làpálàpá kò gbé wọn dé ibì kan. Èèrí rẹ̀ ní májèlé, ẹran kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Bí iléeṣẹ́ epo kò bá rà á, ta lẹ fẹ́ tà á fún?

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ fún iléeṣẹ́, ẹ jẹ́ kí àdéhùn sọ iye owó lórí ìwọ̀n sítáàṣì, kó sì sọ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n àti bó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹ lè ṣe é fúnra yín: ẹ fi òṣùwọ̀n wọn kilo 5 ẹ̀gẹ́ tí ẹ ti fọ̀, ẹ tún wọn ọ́n bó ti wà nínú omi. Bí ìwọ̀n inú omi bá ṣe pọ̀ tó ni sítáàṣì pọ̀ tó. Ẹ má tu ú nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí ewé tuntun ń yọ, torí inú sítáàṣì ni igi ti ń rí ohun tó fi ń pewé. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí ẹ bá tu ú, inú rẹ̀ á ti máa dúdú, nítorí náà oko tó jìnnà sí iléeṣẹ́ kò wúlò fún àdéhùn yìí rárá. Kí ẹ sì rí i dájú pé ibi ìdín-gàrí wà níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù lè dé lọ́jọ́ kan náà, kó tó di pé ẹ gbin igi ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́.