Bí ọtí ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ìjà

Ẹni méjì jókòó nídìí páráàgà lẹ́bàá gáréèjì Ìkòròdú. Ògógóró kan náà ni wọ́n mu, ìwọ̀n kan náà. Èrò kan tó ń sáré bá dánfó tẹ ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ó tún tẹ ìkejì. Ọ̀kan pòṣé, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìkejì ti fọ́ ìgò.

Apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn egungun iwájú orí ló máa ń báni ro ohun tó lè tẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yọ, òun ló ń dá ọwọ́ dúró kó tó na ẹlòmíì. Agbára yìí kò dọ́gba lára èèyàn. Kì í sì í ṣe ìwé kíkà: ẹni tó gboyè ní yunifásítì lè má ní in tó, kí apẹja tí kò wọ kíláàsì rí sì ní in dáadáa. Ọtí máa ń dín in kù lára ẹni tó bá mu ún. Ẹni tí tiẹ̀ ò pọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kì í ṣẹ́ kù fún.

Lọ́dún 1990, Claude Steele àti Robert Josephs, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà pé ọtí máa ń sọ ọkàn di tóóró. Ohun tó sún mọ́ ọn jù, tó sì pariwo jù, nìkan ló ń rí. Ẹsẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ro ó. Ọlọ́pàá, owó ọsibítù, ọmọ tó wà nílé, gbogbo wọn jìnnà. Àní "ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n" tí onítọ̀hún sọ, kò wọ̀ ọ́ létí.

Peter Giancola, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá mìíràn, náà dán an wò: ó fi ìdánwò wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ronú àti bí wọ́n ṣe ń kó ara wọn níjàánu, ó fún àwọn kan lọ́tí, ó ní kí wọ́n bá alátakò kan díje, kí wọ́n máa fi iná mànàmáná gbọ̀n ọ́n. Kò sí alátakò kankan níbẹ̀ ní tòótọ́. Nínú èsì tó tẹ̀ jáde lọ́dún 2004, àwọn ọkùnrin tí ìkóra-ẹni-níjàánu wọn kò lágbára ni ọtí mú kí wọ́n le mọ́ ẹlòmíì sí i. "Ọtí ló ń tì í" kò tó àlàyé rárá.

Ọtí kì í sì í tètè kúrò lára: bíà 60cl kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ọtí gidi nínú. Ẹ̀dọ̀ kì í sábà rí ju gíráàmù 7 sí 10 palẹ̀ mọ́ ní wákàtí kan, kọfí tàbí omi tútù kò sì lè mú un yá.

Ọkàn tó ti di tóóró yìí kan náà ṣeé fi paná ìjà. "Ọlọ́pàá máa kó yín o" kò ní wọlé, torí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di bẹ́ǹṣì yìí mú" wà lójú ẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ sì máa rí nǹkan mìíràn ṣe.