Bí Ìṣirò Àrùn Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Ka Ọ̀rọ̀ Ẹnu Mọ́ Òògùn

Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbàdàn láyé ijọ́un kò ní gbàgbé wolé-wolé. Bó bá ti ń yọ bọ̀ lókèèrè, àwọn ìyá wa á ti da omi àmù nù, wọ́n á gbá ẹ̀yìnkùlé, torí bó bá rí tanwíjí nínú omi, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ìbẹ̀rù ni tiẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ la rí àwọn tó ń fi àlàyé ṣe é: ẹ bo omi, ẹ fọ ọwọ́, ẹ gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àlàyé yẹn, èèyàn mélòó ló ń gbà lọ́wọ́ àrùn? Abẹ́rẹ́ ṣeé kà. Ọ̀rọ̀ ńkọ́?

Àwọn oníṣirò ti ń wo àrùn tipẹ́. Ní 1760 ni Daniel Bernoulli ti ṣírò rẹ̀ pé bí a bá ṣẹ́gun ìgbóná, ìyẹn ṣànpọ̀nná, ọjọ́ orí àwọn èèyàn á fi bí ọdún mẹ́ta gùn sí i. Àmọ́ Ronald Ross, dókítà òyìnbó kan, ni mo gbà pé ó la ọ̀nà. Òun ló rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà ní 1897, tó sì dé Freetown lọ́hùn-ún ní 1899. Àwọn èèyàn ní kò sí bí èèyàn ṣe lè pa ẹ̀fọn tán. Ross ní ta ló ní ká pa á tán? Bó bá ti dín dé ìwọ̀n kan, ibà á kásẹ̀ nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìṣirò ló fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1911.

Anderson McKendrick wà lára àwọn tó bá Ross lọ sí Sierra Leone ní 1901. Nígbà tó yá, òun àti William Kermack pawọ́ pọ̀ ní Scotland. Kẹ́míkà ti fọ́ Kermack lójú níbi iṣẹ́ ní 1924, ọmọ ọdún 26 ni nígbà náà. Orí ló ń fi ṣe gbogbo ìṣirò lẹ́yìn ìyẹn. (Kí ẹni tó ń sunkún nítorí ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ gbọ́ èyí.) Ní 1927, wọ́n pín ìlú sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí àrùn lè mú, àwọn tó ń ṣe lọ́wọ́, àti àwọn tó ti bọ́ nínú rẹ̀, yálà wọ́n yè tàbí wọ́n kú. Bí aláìsàn kọ̀ọ̀kan bá ń kó o ran ju ẹnì kan lọ, àrùn á gbilẹ̀. Bí kò bá tó ẹnì kan, á kú.

Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀wà inú igbá ni wọ́n ka èèyàn sí: ẹ gbọn igbá, ẹ̀wà á kan ara wọn. Ẹ̀wà kò sì létí. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ pé onígbáméjì ti wọ àdúgbò á yí bó ṣe ń jẹun àti bó ṣe ń kí èèyàn padà. Lẹ́yìn tí onígbáméjì jà ní Bari, ní Ítálì, ní 1973, Vincenzo Capasso àti Gabriella Serio gbé ìṣirò jáde ní 1978 tó gbà pé bí aláìsàn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ara á máa fu àwọn tó kù.

Lọ́dọ̀ wa, láàárín ìlú ni wọ́n ti rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu ń gba èèyàn lọ́wọ́ àrùn, kó tó di ìṣirò. Láàárín àwọn ọdún 1970, Yunifásítì Ìbàdàn di ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ìlera fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ìdèrè, ní Ìbàràpá, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, sòbìà sì ni wọ́n gbájú mọ́. Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò, olúgàńbẹ ló yẹ ká ké sí. Ká sòótọ́, kò sí òògùn òyìnbó fún un, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Omi ni èèyàn ti ń mu ún, á sì tó bí ọdún kan kó tó yọ lẹ́sẹ̀. Ta ni yóò rántí omi èṣí? Àwọn kan gbà pé wọ́n bí i mọ́ èèyàn ni. Ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n kọ́, àwọn télọ̀ ìlú ń rán asẹ́ aláṣọ, wọ́n ń tà á fún aládùúgbò, wọ́n sì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tà á. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye tí wọ́n kà ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Ní oṣù kọkànlá 2008, ẹni tó gbẹ̀yìn yọ ọ́. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán. Kànga ẹ̀rọ àti òògùn tí wọ́n ń dà sódò wà níbẹ̀, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n àlàyé ló gbé asẹ́ dé ẹnu àmù.

Bí wọ́n ṣe ń fi irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sínú ìṣirò nìyí. Ká ní aláìsàn kan ń kó àrùn ran èèyàn méjì, bí Ebola ṣe sábà máa ń ṣe. Ká ní ẹ̀kọ́ fi 80 nínú 100 dín ewu ẹni tó gbà á kù. Nínú èèyàn 1,000, ó gbọ́dọ̀ ju 625 lọ tó gbà á kí àrùn tó lè kú. Bó bá jẹ́ ìdajì péré ni ẹ̀kọ́ dín ewu kù, bí gbogbo 1,000 tilẹ̀ gbọ́, àrùn á kàn dúró lójú kan ni. Agbè náà sì ń jò, torí ẹni tó gbọ́ lónìí lè gbàgbé lọ́dún tó ń bọ̀, kó padà sáàárín àwọn tí àrùn lè mú. Nafiu Hussaini àti Abba Gumel, ọmọ Nàìjíríà méjèèjì, pẹ̀lú Matthias Winter, fi irú ìṣirò yìí wo ẹ̀kọ́ lórí kòkòrò HIV ní 2011. Àwọn mìíràn ti fi wo ti Uganda ní 2008.

Èyí tó wù mí jù ni ti Sebastian Funk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba, ní 2009. Wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ máa ràn láti ẹnu dé ẹnu, kí ó sì máa ṣá bó ṣe ń jìnnà sí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ní oṣù kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Èkó, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan pè mí láti Mọ́kọ́lá ní ìdájí: kí n dìde, kí n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí n sì mu nínú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló sọ fún wọn. Wọ́n ní ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló sọ fún ìyẹn? Wọ́n ní àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Ìkòròdú. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹni mélòó lẹ ti pè? Wọ́n ní èmi ni mo ṣe ìkẹwàá.