Ìjà ilẹ̀ tó di ikú: ta ni kóòtù ń pè ní apànìyàn nínú èèyàn mẹ́wàá?

Ká ní ìdílé méjì ń fa ilẹ̀ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lápá Mọ́níyà n'Íbàdàn. Mọ́gàjí ìdílé kan ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ, mẹ́wàá ló lọ, àdá wà lọ́wọ́ àwọn kan, igi wà lọ́wọ́ àwọn míì, ẹnìkan tiẹ̀ wà tó jẹ́ fóònù ló fi ń ká gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ní fídíò. Kí oòrùn tó mú, bíríkìlà tí wọ́n bá níbẹ̀ ti kú. Ọlọ́pàá kó mẹ́fà, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: èmi kọ́ ni mo ṣá a o.

Ohun tí wọ́n á tún máa pariwo ni pé ilẹ̀ bàbá àwọn ni. Ó lè jẹ́ òótọ́, rìsíìtì lè wà, sọ́feyọ̀ plan lè pé, àmọ́ adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀mí ò jókòó torí ìyẹn. Section 81 nínú Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé téèyàn bá kó èrò rẹpẹtẹ lọ fi gba ilẹ̀, ó ti ṣẹ̀, ì báà jẹ́ òun gan-an ló nilẹ̀.

Ibi tó ti máa ń dàrú mọ́ aráàlú lójú ni kóòtù májísíréètì tó wà ní Ìyágànkú. Ẹ máa gbọ́ lórí rédíò pé májísíréètì ní kí wọ́n kó wọn lọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, àwọn èèyàn á ní ẹjọ́ ti parí. Májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ murder, ìyẹn ìpànìyàn tó wúwo jù, rárá, ó kàn ní kí wọ́n fi wọ́n pamọ́ ni, kí fáìlì lè dé ọ̀dọ̀ DPP, ìyẹn ọ̀gá àwọn lọ́yà ìjọba tó ń rí sí ìpẹ̀jọ́. DPP ló máa wo ìwádìí ọlọ́pàá àti èsì àyẹ̀wò òkú, tó máa sọ ẹ̀sùn tó dúró àti ẹni tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀, kó tó di pé ọ̀rọ̀ dé High Court ní Ring Road. (Ó lè pẹ́ o, ó lè pẹ́ gan-an.)

Wàhálà ńlá tó wà níbẹ̀ ni ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní common intention, section 8 nínú Criminal Code yẹn náà ni. Téèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá jọ fìmọ̀ ṣọ̀kan láti ṣe nǹkan tófin ò gbà, tí ẹ̀ṣẹ̀ míì wá ti ibẹ̀ yọ, tó sì jẹ́ irú èyí tó rọrùn kó yọ, gbogbo wọn ni òfin kà sí ẹni tó ṣe é. Supreme Court sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Muka lọ́dún 1976 pé tí wọ́n bá ti jọ lọ́wọ́ sí i pẹ̀lú èrò kan náà, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ìyẹn ni pé ẹni tó mú igi àti ẹni tó mú àdá, ìkan náà ni wọ́n. Ó le lóòótọ́, àmọ́ ta ló máa bá àdá márùn-ún rìn tí ò ní mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Kò sẹ́ni tó ń kọ ìwé àdéhùn pé a fẹ́ lọ pààyàn, torí náà àmì ni adájọ́ ń wò. Ṣé inú mọ́tò kan náà ni wọ́n bá dé, kí ni wọ́n ń pariwo, ṣé ẹnìkan wà tó ń dá àwọn tó kù dúró, ta ló sá kúrò nígbà tọ́rọ̀ yí padà? Dídúró lásán níbẹ̀ kò tíì sọ èèyàn di apànìyàn, bí oní-fóònù yẹn bá jẹ́ òǹwòran ó ní ọ̀nà àbáyọ, àmọ́ tí ohùn ẹ̀ bá wà nínú fídíò tó ń sọ pé "ẹ má jẹ́ kó lọ", fóònù ẹ̀ ló máa ka ẹ̀sùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́nìkan bá fi ìbọn pamọ́ sábẹ́ agbádá táwọn yòókù ò mọ̀, tó jẹ́ pé fẹ́ǹsì ni wọ́n fẹ́ wó, lọ́yà wọn á jà á pé ikú ò sí nínú ohun tí wọ́n bá lọ.

Mọ́gàjí tó jókòó sílé ńkọ́? Section 7 ò yọ ẹni tó rán wọn sílẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé wọ́n kúrò pátápátá nínú iṣẹ́ tó rán wọn.

Ọ̀nà tí murder fi ń di manslaughter, ìyẹn ìpànìyàn tí òfin kà sí èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ, kò pọ̀. Èyí tí wọ́n máa ń sá di jù ni pé wọ́n mú àwọn bínú, àmọ́ ìbínú yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ òjijì, kí ọwọ́ sì ti jáde kí ara tó rọlẹ̀. Ẹni tó lọ ilé lọ mú àdá, tó wọ ọkọ̀ padà wá, ara ẹ̀ ti rọlẹ̀ lójú òfin.

Ìyàtọ̀ náà sì wúwo: ikú ni fún murder lábẹ́ section 319, ẹ̀wọ̀n gbére ló pọ̀ jù fún manslaughter, adájọ́ sì lè dín in kù. Ìdìtẹ̀ láti pààyàn fúnra ẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń wà nínú ìwé ẹ̀sùn, kódà tí wọn ò bá tíì mọ ọwọ́ tó ṣá bíríkìlà yẹn.