Bí Àwọn Òṣìṣẹ́ Tíátà Ṣe Ń Di Ọ̀kan Kí Abẹ Tó Kan Ara
Àwọn tó wọ tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn, pọ̀ láàárọ̀ lè má tíì jọ ṣiṣẹ́ rí. Ṣíìfù ló kó wọn jọ: dókítà oníṣẹ́ abẹ, ẹni tó ń fúnni ní oògùn oorun, nọ́ọ̀sì tó ń na irinṣẹ́, àti èyí tó ń rìn káàkiri yàrá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú kí nǹkan sì bàjẹ́ síbẹ̀, torí ohun tí ẹnì kan mọ̀ kò dé etí ẹni tó yẹ kó gbọ́. Ìyẹn ni ìwé ìyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé jáde lọ́dún 2008 wà fún: ojú ewé kan, ohun 19, ìdúró mẹ́ta.

Ìdúró àkọ́kọ́ máa ń wáyé kí oògùn oorun tó wọlé. Aláìsàn fúnra rẹ̀ á sọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un àti ibi tí wọ́n fẹ́ ṣe é sí. Wọ́n á wò ó bóyá àmì ti wà níbẹ̀, wọ́n á sì béèrè oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tó lè dà nù bá lé ní 500 ml (ml 7 fún kílò kan lára ọmọdé), ojú iṣan méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣí sílẹ̀ fún omi àti ẹ̀jẹ̀.

Ìkejì ló ṣòro jù, òun náà ló sì wúlò jù. Kí abẹ tó kan awọ, gbogbo wọn á dáwọ́ dúró, oníkálùkù á dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó wá ṣe. Ó lè dà bí eré lójú àwọn tó ti mọra pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti la ẹnu lẹ́ẹ̀kan kì í ṣòro fún láti tún un là. Nọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni ò gbóhùn rẹ̀ láti àárọ̀ kọ́ ni yóò dá ọ̀gá dúró nígbà tí nǹkan bá fẹ́ yíwọ́, pàápàá níbi tí wọ́n ti tọ́ni dàgbà pé a kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Lẹ́yìn èyí, oníṣẹ́ abẹ á sọ ibi tí iṣẹ́ ti lè dojú rú, àkókò tó máa gbà àti ẹ̀jẹ̀ tó lè lọ. Ẹni oògùn oorun á sọ ohun tó ń kọ ọ́ lóminú. Bí iṣẹ́ náà bá gba oògùn apakòkòrò, ó gbọ́dọ̀ ti wọlé láàárín ọgọ́ta ìṣẹ́jú tó ṣáájú.

Ìkẹta, kí aláìsàn tó kúrò ní yàrá: wọ́n á jẹ́rìí sí i pé irinṣẹ́, abẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀sì pé iye, wọ́n á sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ohun tí wọ́n mú lára aláìsàn fún àyẹ̀wò sókè, tòun ti orúkọ aláìsàn. Ìbéèrè tó rọrùn jù láti fò ni ti irinṣẹ́ tó ní àbùkù. Bí wọ́n bá fò ó, sísọ́ọ̀sì tí kò mú lónìí ni wọ́n á tún bá pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, Lọ́ńdọ̀nù àti Ifakara ní Tanzania wà lára wọn, ló kọ́kọ́ dán an wò. Èsì tó jáde ní 2009 fi hàn pé ikú rẹlẹ̀ láti 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.8, ìṣòro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sì rẹlẹ̀ láti 11 sí 7. Ṣùgbọ́n ní Ontario, Kánádà, níbi tí ìjọba ti pa á láṣẹ, ìwádìí ilé ìwòsàn 101 tó jáde ní 2014 kò rí ìyàtọ̀ gidi kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ tọ́ka sí ni pé fífàmì sínú àpótí kì í ṣe lílo ìwé náà.

Ó sì rọrùn láti bà á jẹ́: kí nọ́ọ̀sì fàmì sí ìdúró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa kà á nígbà tí dókítà ṣì ń fọwọ́ níta, kí orin má dákẹ́. Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo ni kí wọ́n yàn láti máa kà á, nọ́ọ̀sì tó ń rìn káàkiri ló sì dára jù, kí ọ̀gá sì sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé abẹ kò ní kan ara bí ẹni tó ń kà á kò bá tíì gba ìdáhùn. Kí wọ́n fi tíátà kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. WHO gbà kí wọ́n tún un ṣe bó ṣe bá ibùdó wọn mu, ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni kí wọ́n má ṣe yọ kúrò. Ẹni tó bá wá ṣàyẹ̀wò kó má ka iye ìwé tí wọ́n ti fàmì sí. Kó dúró nínú yàrá náà, kó wo iye ènìyàn tó dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n ń kà á.